Abẹ́rẹ́ méjì, ìbéèrè kan: ìwé-ẹ̀rí wà, ọwọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè: Mátírọ̀nì, ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà ni mí. Mo ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlá, nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́, méjì méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó ní ẹ̀rọ mẹ́fà. Ohun kan náà ló ń dà wá láàmú. Nọ́ọ̀sì tí mo gbà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò lábàwọ́n, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló gún aláìsàn kan kó tó rí iṣan. Ọmọbìnrin tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rárá, ló fi ìka hàn án pé “ibí ni.” Ìyàwó mi náà gba ọmọ kan tó lo ọdún méjì nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aṣọ. Ó mọ àwòrán aṣọ yà dáadáa, àmọ́ bó bá rán síìpù, á lọ́. Ṣé ìwé ni ká máa wò ni, àbí ọwọ́? Ṣé mo lè jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn máa gún abẹ́rẹ́? Èèyàn mélòó gan-an ló yẹ kí n gbà? Bí mo bá sì kọ́ wọn tán tí wọ́n lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Dókítà, ẹ kú làálàá, ẹ bá mi kí màdáámù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ẹ̀rín o, abẹ́rẹ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ìdí abẹ́rẹ́ lẹ̀yin méjèèjì ti ń jẹun, abẹ́rẹ́ náà ló tún ń dá yín lágara.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà nọ́ọ̀sì yín díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kí n gbé omi, ìyẹn omi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú iṣan, fún bàbá arúgbó kan. Kò sí iṣan kan lápá, láti èjìká dé ìka, tí n kò lè dárúkọ fún yín lọ́jọ́ náà. Mo gún un lẹ́ẹ̀kíní, iṣan yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gún un lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ wú. Bàbá wò mí lójú, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti ṣe eléyìí rí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń kọjá lọ, ó yà wá, kò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn fi àtàǹpàkò òsì rẹ̀ fa awọ tó wà nísàlẹ̀ ibi tí mo fẹ́ gún, ó fà á le bí awọ ìlù. Iṣan náà dúró jẹ́ẹ́. Mo gún un, ẹ̀jẹ̀ yọjú. Bóyá wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nílé-ẹ̀kọ́ rí, bóyá wọn kò sọ ọ́, n kò rántí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ ọ́, etí mi ló gbọ́ ọ, ọwọ́ mi kò gbọ́.

Ìwé-ẹ̀rí ń sọ ohun tí ẹnì kan mọ̀ lọ́jọ́ tó ṣe ìdánwò. Kò lè sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe ní aago mẹ́ta òru nígbà tí ọmọ ń ké, tí ìyá ọmọ náà ń ké. Nítorí náà, ìwé lẹ máa fi mọ ẹni tí ẹ lè pè wá, ọwọ́ lẹ máa fi mọ ẹni tí ẹ máa gbà. Èyí tó bá kù, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ọ. Ibi ìkẹyìn yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yín ti wọ́, màá padà síbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe gba nọ́ọ̀sì náà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ jókòó sídìí tábìlì, ẹ ní kó sọ nípa ara rẹ̀, ẹ bi í pé ọdún mélòó ló ti fi ṣiṣẹ́, ẹ wo ìwé rẹ̀, ó parí. Ní 1998, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Frank Schmidt àti John Hunter, kó ìwádìí ọdún 85 lórí ọ̀nà tí a fi ń yan òṣìṣẹ́ jọ. Kéèyàn fún ẹni náà ní ègé iṣẹ́ gan-an kó ṣe é lójú ẹni wà lára àwọn ọ̀nà tó ga jù. Iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ àti iye ọdún tó lò nílé-ẹ̀kọ́ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe ní 2022, wọ́n dín àwọn kan kù, wọ́n sì gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, tí a bi gbogbo èèyàn bákan náà, sókè. Iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ò kúrò nísàlẹ̀ níbi tó wà.

Ọ̀nà tí èmi máa ń gbà ṣe é rèé. Mo máa ń ní kí ẹni tó wá wáṣẹ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ fún. Màá dákẹ́, màá máa wò ó. Ṣé ó ní kí n jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 ná? Ṣé ó wò ó pé ẹ̀yìn mi ti àga, pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀? Ṣé ó gbé apá mi sórí tábìlì kó bá ọkàn mi dọ́gba, àbí ó fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro? Ṣé ara ló wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ ni, àbí orí ẹ̀wù? Apá mi tóbi. Ṣé ó wò ó bóyá aṣọ náà tó mi, nítorí èyí tó bá kéré máa ń mú kí ìfúnpá ga ju bó ṣe wà lọ? Tó bá ń tú afẹ́fẹ́, ṣé ó ń rọra tú u, kí òǹkà máa sọ̀ ní méjì méjì níṣẹ̀ẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àbí ó tú u fìì? Ṣé ó ń bá mi tàkúrọ̀sọ lọ́wọ́? Ọṣẹ àti omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí mi ò dárúkọ rẹ̀ fún un. Fífọ ọwọ́ dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 látòkè délẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á bù ú fi wẹ̀ẹ̀, ó tán. Gbogbo ìdánwò yìí kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, mo sì máa ń mọ̀ nípa ẹni náà ju ohun tí lẹ́tà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àná lè sọ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹ lọ gbé ìwé wọ́ọ̀dù yín, ẹ wo àkọsílẹ̀ ìfúnpá oṣù kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ fún, méjì méjì ni wọ́n pín ojú rẹ̀ sí, nítorí náà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló yẹ kó parí sí 0. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń parí sí 0, 120/80, 130/90, 110/70, ẹnì kan ń méfò nínú wọ́ọ̀dù yín, ó sì lè má jẹ́ ọmọ tuntun yẹn.

Ní ti màdáámù, àjákù aṣọ méjì, síìpù kan àti ogún ìṣẹ́jú ti tó. Kó má dúró de síìpù tó ti parí kó tó wò ó. Ọwọ́ ọmọ náà ni kó máa wò látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ó fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kó tó rán an? Ṣé ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ran síìpù mọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́? Ṣé ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sí èyí tó wà fún síìpù? Ṣé ó dán ojú rírán wò lórí àjákù mìíràn? Ẹni tó ṣe gbogbo èyí tí síìpù rẹ̀ ṣì lọ́ díẹ̀, mo lè gbà á. Ẹni tí síìpù tirẹ̀ dọ́gba ṣùgbọ́n tí kò ṣe ìkankan nínú rẹ̀, oríire ọjọ́ kan ni, n kò mọ tọ̀la. Kí ẹ sì sanwó àsìkò wọn fún wọn, ìbáà má pọ̀.

Ó wá ku kíkọ́ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń pè ní kíkọ́ni ni “dúró síbẹ̀ kí o máa wò mí.” Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ sójú ogun, àwọn tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí ló wá kún ilé iṣẹ́. Ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ láti 1940 títí di 1945, Training Within Industry lorúkọ rẹ̀, láti kọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Wákàtí 10 péré ni ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ á pe ẹnì kan jáde, á fi ẹnu nìkan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta kókó kan báyìí sí wáyà iná. Ẹni náà kò ní lè ta á. Á pe ẹlòmíràn, á ta kókó náà níwájú rẹ̀ láìla ẹnu. Òun náà kò ní lè ta á. Àwọn ọ̀gá yẹn á wá wo ara wọn lójú, nítorí ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n ti ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ọ̀nà tó wá fi hàn wọ́n kò ṣòro. Ẹ fi ara balẹ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí ẹ mọ ohun tó ti mọ̀. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ àṣírí tó wà nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, kó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbésẹ̀ àti àṣírí náà fún yín bó ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa yà wò ó lemọ́lemọ́, kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta yẹn làwọn èèyàn máa ń fò. Ẹni tó ń ṣe é láìsọ ọ́, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí ó ṣèèṣì. Lára aláìsàn ẹ̀wẹ̀, ó ní láti sọ ìgbésẹ̀ kó tó ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ṣe é tán.

Iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ohun tó mọ̀. Ọwọ́ màdáámù ti mọ síìpù débi pé kò mọ ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe mọ́. Kí ẹnì kan fi fóònù ya ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ nìkan, kó sì wò ó pẹ̀lú ọmọ náà. Ó dá mi lójú pé ẹnu á ya òun fúnra rẹ̀.

Ti gbígbé omi, èyí ni mo máa ń kọ sórí páálí kékeré fún ọmọ tuntun. Jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ̀jẹ̀ wá sí i. Di rọ́bà mọ́ ọn ní nǹkan bí ìbú ìka mẹ́rin sókè ibi tí o fẹ́ gún. Fi ìka wá iṣan, má fi ojú wá a. Iṣan tó dára máa ń ta ìka padà. Nu ibẹ̀, dúró kó gbẹ, má sì tún fọwọ́ kàn án. Fa awọ le. Ẹnu abẹ́rẹ́ kọjú sókè, kí o dà á sílẹ̀ dáadáa, má nà án ró. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọjú, tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, tì í síwájú bíńtín kí o tó yọ́ ọ̀pá rọ́bà tó bo irin abẹ́rẹ́ náà wọlé, nítorí ẹnu abẹ́rẹ́ máa ń ṣáájú ọ̀pá náà wọ inú iṣan. Tú rọ́bà apá kí o tó fa irin yọ. Àbùkù tí mo rí jù ni ẹni tó rí ẹ̀jẹ̀, tínú rẹ̀ dùn, tó fa irin yọ lójú ẹsẹ̀. Òfin kan tún wà tí kò gba àwíjàre: ẹ̀ẹ̀mejì péré. Bí ẹ̀ẹ̀mejì bá kùnà, pe ẹlòmíràn. Bí nọ́ọ̀sì yín ṣe dé ìkẹrin, òfin ilé ìwòsàn yín ni kò sí, ẹ má dì í rù ú lórí òun nìkan.

Ọmọbìnrin tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe wá ńkọ́? Rárá o, Dókítà. Ẹ má jẹ́ kó gún abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń wù yín, nítorí ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n rírí iṣan nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Kí ló wà nínú omi náà? Kí ni ara aláìsàn yìí kì í gbà? Bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, kí ni kó ṣe? Ìwé-àṣẹ ló ń sọ pé ẹni tó gún un lè jíhìn fún ìyẹn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìwé-àṣẹ yín ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí màá ṣe ní tèmi ni pé màá rán an lọ sílé-ẹ̀kọ́, màá bá a san díẹ̀ níbẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín nígbà ìsinmi. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kó máa fi ojú rẹ̀ tó mú ṣe ohun tí òfin gbà á láyè: yíyí aláìsàn tí kò lè dìde, wíwo ẹni tí kò jẹun, kíkọ iye ìtọ̀ sílẹ̀, pípe nọ́ọ̀sì kíákíá. Mo ti rí ẹni tó gba ẹ̀mí là pẹ̀lú “Síìstà, ẹ wá wo màmá yìí, ojú wọn yàtọ̀.”

Ẹ béèrè iye èèyàn. Ẹ má ka èèyàn, ẹ ka wákàtí. Àga kan tí nọ́ọ̀sì kan gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, wákàtí 168 ni lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ń ṣe wákàtí 40, ẹ máa rò pé mẹ́rin àti díẹ̀ ti tó. Kò tó. Ẹ yọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 4 kúrò nínú ọdún, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 2 fún àìlera àti ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ 46 ló kù, wákàtí 1,840 nìyẹn. Àga yẹn ń béèrè wákàtí 8,736 lọ́dún. Ẹ pín in, 4.75 ni. Èèyàn márùn-ún fún àga kan. Méjì méjì lẹ sọ pé wọ́n ń wà lẹ́nu iṣẹ́, èèyàn mẹ́sàn-án àtààbọ̀ nìyẹn, mẹ́fà lẹ sì ní. Ẹ ò sọ ibi tí ìyókù ti ń wá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n: inú oorun àwọn mẹ́fà yẹn ni. Nínú ìwádìí kan tí Linda Aiken àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002 lórí ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (ẹ wò ó, 168 tún ni), aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún ti nọ́ọ̀sì kan bá àfikún ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún rìn lórí ewu pé ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún á kú láàárín ọjọ́ 30.

Bí ẹ kò bá lè san owó èèyàn mẹ́wàá, ẹ dín bẹ́ẹ̀dì kù. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́. Màdáámù ní tirẹ̀ kò nílò ìṣirò tọ̀sán-tòru yìí. Kó ka ìṣẹ́jú tí ẹ̀wù kan ń lò ní ibi kọ̀ọ̀kan, á rí i pé ó lè jẹ́ ìdí tábìlì ìgéṣọ ni gbogbo nǹkan ti ń dúró, tí ẹni keje nídìí ẹ̀rọ kò ní wúlò fún nǹkan kan.

Ìsinsìnyí ni mo padà síbi tí mo ní màá padà sí. Nọ́ọ̀sì tuntun yẹn, ọjọ́ wo lẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú rósítà, ìwé tó ń sọ ẹni tó máa wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn méjì? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní, a ti mú olè. Ẹni tuntun kì í ṣe ẹnì kan lórí rósítà, ìdá ẹnì kan ni, ẹni tó ń kọ́ ọ náà sì ti di ìdá ẹnì kan fún ìgbà yẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, òun ló yẹ kó jẹ́ ẹnì kẹta. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti ṣe lójú ẹnì kan, tó sì tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, kí ẹni náà buwọ́ lù ú, pẹ̀lú déètì. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì buwọ́ lù, kó má dá a ṣe. Kó má sì jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wọn lẹ máa fi kọ́ ọ. Ẹni tó ní sùúrù láti dúró kó ká ọwọ́ gbera ni kẹ́ ẹ wá.

Ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n náà máa ń gbàgbé. Láti 1960 tí Asmund Laerdal, ará Norway tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ti ṣe ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, àìmọye nọ́ọ̀sì ló ti tẹ àyà rẹ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì yín tó kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá tún ṣe é: ó yẹ kí àyà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, 100 sí 120 ìgbà níṣẹ̀ẹ́jú kan. Láàárín oṣù díẹ̀ péré ló ti máa ń rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lóṣù, nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, sàn ju ọjọ́ gbọọrọ kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì.

Ní ti pé wọ́n á lọ: àwọn kan á lọ. N kò fẹ́ràn ìwé àdéhùn tó ń so èèyàn mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ lọ, tí ẹ so mọ́lẹ̀, aláìsàn ló máa kanra mọ́. Àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ mi, mo máa ń bi wọ́n pé kí ló dé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ rèé: Rósítà tí wọ́n rí ní ọjọ́ méjì kó tó bẹ̀rẹ̀, dókítà tó jágbe mọ́ wọn níwájú aláìsàn, owó oṣù tó pẹ́. Mélòó nínú mẹ́ta yìí ló wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe kẹ́ ẹ tó tún kọ̀wé sí mi. Ẹ pe nọ́ọ̀sì yẹn sí yàrá yín, kẹ́ ẹ fún un ní àga, kẹ́ ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé lọ́jọ́ tó gún aláìsàn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nọ́ọ̀sì wo ló dúró tì í. Bó bá ní kò sí ẹnì kankan àfi ọmọbìnrin tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, ẹ fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú rósítà oṣù tó ń bọ̀.